Ṣé ẹ̀sìn ló ní kí á má fẹ́ ọmọ ‘ìdílé ẹrú’?

Ìbéèrè:

Àsàláámù àlékùm, Àfáà. Ọmọ Ìlọrin ni mí, Pakata ni agbolé wa wà. Ọkùnrin kan fẹ́ fẹ́ mi, ọmọ Ìlọrin lòun náà, ó ń kírun, ó níṣẹ́ lọ́wọ́, ìwà rẹ̀ sì tẹ́ màmá mi lọ́rùn. Ìgbà tí àwọn ẹbí wa ṣèwádìí, wọ́n ní ẹrú ni ìyá tó bí bàbá-bàbá rẹ̀, pé ilẹ̀ Haúsá ni wọ́n ti kó o wá láyé ogun. Bàbá mi ní àwọn ò so yìgì kankan. Ẹ̀gbọ́n wọn tó kàwé ní ìlú Lárúbáwá ní ẹ̀sìn gan-an ló ní kí á wo ìran, pé òfin kúfù wà nínú fíkíhì, ìyẹn ìmọ̀ òfin ẹ̀sìn. Wọ́n tún ní ọmọ Hámù ni gbogbo èèyàn dúdú, Ànábì Núhù tó bí Hámù ló ṣépè fún un, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi dúdú ṣẹrú. Àbúrò mi ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní ìlú Lárúbáwá lọ́hùn-ún báyìí, ‘àbídì’ ni wọ́n ń pè é ládùúgbò, ìyẹn ẹrú. Ṣé lóòótọ́ ni ẹ̀sìn wa gbà pé ìran kan ga ju ìran kan lọ? Kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n sì sọ ohun tí wọ́n ń sọ nípa ìdílé ọkùnrin yìí fún un?

Ìdáhùn:

Wa alékùmù sàláámù, ọmọ mi.

Rárá. Ẹ̀sìn Islam kò gbà pé ìran kan ga ju ìran kan lọ, bẹ́ẹ̀ ni kò sí àwọ̀ kan tí Ọlọ́hun fi gégùn-ún. Bàbá rẹ ní ẹ̀tọ́ tó pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó rẹ, n ó sì dé ibẹ̀, nítorí mi ò fẹ́ kí o ka ìdáhùn yìí tán kí o lọ máa bá wọn fa ọ̀rọ̀. Àmọ́ ẹ̀tọ́ bàbá lọ́tọ̀, kí á máa fi orúkọ Ọlọ́hun ti ìgbéraga lẹ́yìn lọ́tọ̀. Ohun kejì yìí ló mú kí n kọ ìdáhùn yìí gùn.

Ọmọ kéwú ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ọ̀rọ̀ ìwé ni wọ́n mú wá, ọ̀rọ̀ ìwé náà ló yẹ kí á fi dá wọn lóhùn. Òótọ́ ni pé kúfù wà nínú fíkíhì: kí ọkùnrin tó obìnrin í fẹ́. Àwọn onímọ̀ kò fẹnu kò lórí ohun tí a ó fi mọ̀ pé ó tó o. Ọ̀gá onímọ̀ mẹ́rin ni a ń tẹ̀lé nínú fíkíhì: Abu Hanifah, Malik, Shafi'i àti Ahmad. Àwọn tó tẹ̀lé Abu Hanifah àti Shafi'i ka ìran mọ́ ọn, èyí tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn tó tẹ̀lé Ahmad náà rí bẹ́ẹ̀. Mi ò ní fi ìyẹn pamọ́ fún ọ, kí ẹnìkan má baà wá ṣí ìwé lójú rẹ lọ́la kí ó ní mo tàn ọ́. Ṣùgbọ́n Ibn Taymiyyah, tó jẹ́ ọmọlẹ́yìn Ahmad fúnra rẹ̀, sọ ọ́ gbangba pé kò sí ọ̀rọ̀ kan tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ tó sì ṣe kedere láti ẹnu Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) tó ní kí á fi ìran díwọ̀n ọkọ.

Ní Ìlọrin ńkọ́? Imam Malik ni à ń tẹ̀lé, àwa àti gbogbo apá Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà. Òun ni a fi ń pín ogún, òun ni a fi ń so yìgì, òun náà ni àwọn adájọ́ fi ń dájọ́ ìkọ̀sílẹ̀. Kò bójú mu kí á tẹ̀lé e nínú gbogbo nǹkan, kí á wá lọ yá ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ẹlòmíràn lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ lé ọmọ ọlọ́mọ padà. Wọ́n gbé irú ọ̀rọ̀ tìrẹ yìí lọ bá Imam Malik ní Mẹ̀dínà, pé àwọn kan ń sọ pé ọkùnrin tó jẹ́ ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ kò tó obìnrin Lárúbáwá í fẹ́. Ó ká a lára gidigidi. Ó ní gbogbo àwọn onísìlàámù ló tó ara wọn, ó sì fi ẹsẹ 13 nínú Súrà Hujurat ṣe ẹ̀rí, níbi tí Ọlọ́hun ti sọ pé ara ọkùnrin kan àti obìnrin kan ni Òun ti dá wa, pé Òun ṣe wá ní ìran-ìran àti ẹ̀yà-ẹ̀yà kí á lè mọ ara wa, pé ẹni tó ní àpọ́nlé jù lọ́dọ̀ Òun ni ẹni tó bẹ̀rù Òun jù. Inú Mudawwanah, ìwé àtijọ́ tí wọ́n kó àwọn ìdáhùn Malik jọ sí, ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà. Kì í ṣe ìwé àwọn ọ̀dọ́ òde òní.

Ẹni tó bá ti jókòó níwájú olùkọ́ ní ilé-kéwú àtijọ́ nílùú wa mọ Mukhtasar, ìwé fíkíhì Malik tí Khalil kọ ní Íjíbítì ní èyí tó lé ní 600 ọdún sẹ́yìn. Ewé rẹ̀ kì í lẹ̀ pọ̀. Ńṣe ni wọ́n tò ó sínú awọ, tí olùkọ́ ń yọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, tí yóò sì dá a padà sáyè rẹ̀ kí ó tó yọ òmíràn. Etí ìwé náà kún fún àlàyé wẹ́wẹ́ tí àwọn tó ti kà á kọjá kọ ní ìdàgẹ̀rẹ̀, torí Khalil kì í sọ̀rọ̀ gùn. Gbólóhùn rẹ̀ kan lè gba odidi òwúrọ̀ kí olùkọ́ tó tú u tán. Níbi ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ méjì péré ló fi sọ ohun tí kúfù jẹ́: ẹ̀sìn, àti bí ọkùnrin náà ṣe wà, ìyẹn ni pé kí ó bọ́ lọ́wọ́ àwọn àbùkù tó ń fún obìnrin lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ ọ́. Ó tán. Kò jìnnà sí ibẹ̀ ló tún kọ ọ́ pé ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀ tó, ẹni tí kì í ṣe ọmọ ìdílé ọlọ́lá tó, ẹni tí iyì rẹ̀ láwùjọ kéré náà tó. Lórí ẹrú tó ṣì wà lábẹ́ olówó rẹ̀ nìkan ló ti ní àwọn tó ń ṣàlàyé pín sí ọ̀nà méjì.

Wo ibi tí iyàn àwọn onímọ̀ wa dúró sí, ọmọ mi. Ẹrú tí wọ́n lè mú lọ sọ́jà lọ́la ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ọ, òmìnira ni wọ́n bí i, òmìnira ni wọ́n bí bàbá rẹ̀. Ìyá tó bí bàbá-bàbá rẹ̀ ni wọ́n ń tú jáde látinú sàréè báyìí kí wọ́n lè rí nǹkan kan sọ. Kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ fi ojú ewé kan hàn wá nínú ìwé Malikiyyah tó sọ pé ẹrú ń ran ìran kẹta, èmi yóò gbà.

Bukhari náà, nígbà tó dé ibi kúfù nínú àkójọ hádíìsì rẹ̀, ‘kúfù nínú ẹ̀sìn’ ló fi ṣe àkọlé. Ìtàn tó kọ́kọ́ kó síbẹ̀ ni ti Salim, ẹrú tí obìnrin kan nínú àwọn Ansar, àwọn ará Mẹ̀dínà tó ran Ànábì lọ́wọ́, dá sílẹ̀. Abu Hudhayfah gbà á ṣọmọ, ó sì fi Hind ọmọ Al-Walid fún un níyàwó. Ta ni bàbá-bàbá Hind? Utbah ọmọ Rabi'ah ni, ọ̀kan nínú àwọn ìjòyè Kùráíṣì, ìran Ànábì fúnra rẹ̀, tí gbogbo Mẹ́kà ń wárí fún. Ọmọ-ọmọ Utbah ló wà nílé ẹrú tí wọ́n dá sílẹ̀.

Èyí tó jọ tìrẹ jù lọ ni ti Fatimah ọmọ Qays, inú Sahih Muslim ló wà. Ọmọ Kùráíṣì ni Fatimah, ọkọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ti kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Nígbà tí ìdáà rẹ̀, ìyẹn àkókò tí obìnrin fi ń dúró lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀, parí, ọkùnrin méjì wá tọrọ rẹ̀, Mu'awiyah àti Abu Jahm, ọmọ Kùráíṣì làwọn méjèèjì. Ó lọ bá Ànábì fún ìmọ̀ràn. Ànábì ní Abu Jahm kì í gbé ọ̀pá kúrò léjìká rẹ̀, pé Mu'awiyah kò sì lówó lọ́wọ́. Ó ní kí ó fẹ́ Usamah ọmọ Zayd. Ta ni Usamah? Zayd, bàbá rẹ̀, ẹrú ni kí Ànábì tó dá a sílẹ̀. Ìyá rẹ̀, Ummu Ayman, ará Ábísíníà ni, ẹrú lòun náà rí. Ọkùnrin tí ẹrú wà lọ́dọ̀ bàbá, tí ẹrú wà lọ́dọ̀ ìyá, tí àwọ̀ rẹ̀ sì dúdú, òun ni Ànábì mú fún ọmọ Kùráíṣì. Kò kọ́kọ́ wọ Fatimah lára. Nínú ẹ̀gbàwá kan, ó juwọ́, ó ní, ‘Usamah! Usamah!’ Ànábì dá a lóhùn pé títẹ̀lé Ọlọ́hun àti Òjíṣẹ́ Rẹ̀ ló dára jù fún un. Ó fẹ́ ẹ. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù lẹ́yìn náà: Ọlọ́hun fi oore sínú ìgbéyàwó náà débi pé àwọn èèyàn ń jowú òun.

Mo fẹ́ kí bàbá rẹ wo ohun tí Ànábì wò nínú ìtàn yìí. Ó wo ọwọ́ Abu Jahm: ṣé ó ń na obìnrin? Ó wo àpò Mu'awiyah: ṣé yóò lè bọ́ aya? Nítorí náà, bí àwọn ẹbí rẹ bá béèrè irú iṣẹ́ tí ọkùnrin yìí ń ṣe, bí ó ṣe ń bínú, ẹni tó ń bá rìn, bóyá ó ní gbèsè lọ́rùn, wọ́n ń ṣe ohun tó tọ́. Kí ẹ̀yin méjèèjì lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, kí ẹ mọ jẹnotáìpù yín kí ọ̀rọ̀ tó jìnnà. Ìwádìí dára. Ọ̀rọ̀ ìyá tó bí bàbá-bàbá ni kò sí lára ìwádìí.

Ó wá ku Hámù. Òun ni mo fẹ́ kí o fetí sí jù, torí mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ wa tí ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ẹ̀ lé kúrò nínú ẹ̀sìn. Kò sí nínú Kùránì. Orúkọ Hámù gan-an kò sí níbẹ̀. Ọmọ Núhù tí Súrà Hud sọ ìtàn rẹ̀ ni èyí tó kọ̀ láti wọ ọkọ̀, tí omi gbé lọ. Àìgbàgbọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀, kò sí ọ̀rọ̀ àwọ̀ níbẹ̀. Èyí tí Ànábì sọ nípa àwọ̀ ni hádíìsì tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà wá: Ọlọ́hun bu ẹ̀kúnwọ́ erùpẹ̀ láti gbogbo ilẹ̀, Ó fi dá Ádámọ̀, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ rẹ̀ fi rí bí ilẹ̀ ṣe rí, pupa, funfun, dúdú àti èyí tó wà láàárín. Kò sí èpè níbẹ̀, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ọlọ́hun tún sọ nínú Súrà Rum, ẹsẹ 22, pé ara àwọn àmì Òun ni dídá sánmọ̀ àti ilẹ̀, àti ìyàtọ̀ èdè yín àti àwọ̀ yín. Ẹni tó bá ń bú àwọ̀, àmì Ọlọ́hun ló ń bú.

Láti inú ìtàn àwọn Júù àti Kìrìsìtẹ́nì tó ṣáájú wa ni ọ̀rọ̀ Hámù ti wọ inú àwọn ìwé kan, ó sì wúlò fún àwọn tó ń ta èèyàn, wọn ò jẹ́ kó kú. Àmọ́ àwọn onímọ̀ wa kò dákẹ́. Ibn Khaldun, onítàn tó kú ní 1406, kọ ọ́ pé àṣìṣe àwọn onítàn ìran ni, pé ooru ilẹ̀ ló ń mú awọ dúdú. Òun náà sọ ọ̀rọ̀ àbùkù nípa àwọn èèyàn dúdú níbòmíràn nínú ìwé kan náà, mo sì kà á sí i lọ́rùn, ṣùgbọ́n lórí Hámù ó sọ òótọ́.

Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ kà ni Ahmad Baba ará Timbuktu. Èèyàn dúdú bíi tiwa ni àwọn tó yí i ká, ọ̀gá nínú fíkíhì Malikiyyah sì ni. Nígbà tí àwọn ọmọ ogun Mòrókò gba ìlú wọn, wọ́n dè é, wọ́n sì mú un la aṣálẹ̀ kọjá lọ sí Marrakesh. Ó mọ ohun tí ìdè ń ṣe sí ọwọ́. Ó padà sílé, ní nǹkan bí 1615 ni àwọn ará Tuwat tó wà nínú aṣálẹ̀ sì kọ ìbéèrè ránṣẹ́ sí i nípa àwọn èèyàn dúdú tí wọ́n ń kó wá tà fún wọn: ṣé nítorí èpè Hámù ni wọ́n ṣe jẹ́ ẹrú? Ó dá wọn lóhùn pé irọ́ ni. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín dúdú àti aláwọ̀ mìíràn. Àìgbàgbọ́ ni wọ́n fi ń kó èèyàn lẹ́rú nínú òfin ìgbà náà, àwọ̀ kọ́, ẹni tó bá sì ti jẹ́ onísìlàámù, kò sẹ́ni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

N kò ní fi apá kejì ìwé náà pamọ́. Ahmad Baba to orúkọ àwọn ìran tí ẹ̀sìn kò tíì dé ọ̀dọ̀ wọn nígbà náà, Yorùbá sì wà lára wọn. Ọ̀kan nínú àwọn ibi àkọ́kọ́ tí orúkọ Yorùbá ti wọ ìwé nìyẹn, inú ìwé tó ń sọ ẹni tí wọ́n lè kó àti ẹni tí wọn ò lè kó. Bí mo bá dé ibẹ̀, ó máa ń dùn mí. Ọkùnrin náà gba òfin ẹrú gẹ́gẹ́ bí gbogbo ayé ṣe gbà á nígbà ayé rẹ̀. Ṣùgbọ́n òun kan náà, ní 400 ọdún sẹ́yìn, ti gé ọ̀rọ̀ àwọ̀ kúrò nínú rẹ̀ pátápátá, kò sì tọ́ kí ẹnìkan tó kàwé lónìí tún wá lẹ̀ ẹ́ padà.

Ní ti àbúrò rẹ, sọ fún un pé àwọn tó ń pè é ní àbídì ń ṣẹ̀ ni, Lárúbáwá ì báà jẹ́ èdè àbínibí wọn. Abu Dharr, sàábé ńlá tó bá Ànábì gbé ayé, fi ìyá bú ọkùnrin kan. Nínú ẹ̀gbàwá mìíràn wọ́n ní Bilal ni, pé ‘ọmọ obìnrin dúdú’ ló pè é. Ànábì ní, ‘O fi ìyá rẹ̀ bú u? Ìwọ ni ènìyàn tí àìmọ̀kan ìgbà kèfèrí ṣì wà lára rẹ̀.’ Ó ní ọmọ ìyá yín ni àwọn tó wà lábẹ́ yín, kí ẹ fún wọn jẹ nínú ohun tí ẹ̀ ń jẹ, kí ẹ fún wọn wọ̀ nínú ohun tí ẹ̀ ń wọ̀. A máa ń gbọ́ níbi wáàsí pé Abu Dharr da ẹ̀rẹ̀kẹ́ délẹ̀ kí Bilal fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Kò sí nínú Bukhari, èmi kì í sọ ọ́. Èyí tó wà níbẹ̀ ti tó: lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ọkùnrin kan bá Abu Dharr pàdé ní Rabadhah, ó rí i tí aṣọ kan náà wà lọ́rùn òun àti ẹrú rẹ̀. Ó yà á lẹ́nu, ó béèrè ìdí rẹ̀. Ìtàn tí mo sọ tán yìí ni Abu Dharr fi dá a lóhùn.

Kí àbúrò rẹ má rò pé òun nìkan lojú ti rí. Láti 869 sí 883 ni àwọn èèyàn dúdú tí wọ́n kó wá ṣiṣẹ́ ilẹ̀ iyọ̀ lágbègbè Basrah fi bá ìjọba àwọn kálífà Abbasid jagun, nítorí ìyà tí àwọn onísìlàámù fi ń jẹ wọ́n. Ànábì ti sọ ọ̀rọ̀ náà tán ní 632, ní Mina, níwájú àwọn tó bá a ṣe hájì ìdágbére: Olúwa yín ọ̀kan ni, bàbá yín ọ̀kan ni, Lárúbáwá kò lọ́lá lórí ẹni tí kì í ṣe Lárúbáwá, ẹni tí kì í ṣe Lárúbáwá kò lọ́lá lórí Lárúbáwá, pupa kò lọ́lá lórí dúdú, dúdú kò lọ́lá lórí pupa, àfi pẹ̀lú ìbẹ̀rù Ọlọ́hun. Àwọn kan gbọ́ ọ wọn ò ṣe é. Àwọn mìíràn gbọ́ ọ, ó sì tún ayé wọn ṣe. Malcolm X tí ìkórìíra àwọn aláwọ̀ funfun Amẹ́ríkà ti gbá lójú ní kékeré, ó lọ sí hájì ní 1964, ó bá onírúurú àwọ̀ jẹun nínú àwo kan, ó sì kọ̀wé sílé pé òun ní láti tún èrò òun rò. Ọdún yẹn kan náà ló dé Yunifásítì Ìbàdàn, tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ onísìlàámù sì sọ ọ́ ní Ọmọ́wálé.

Ọ̀rọ̀ mi yóò wá padà sílé, torí ilé ló ti ń jó. Bí wọ́n bá pe àbúrò rẹ ní ẹrú lọ́hùn-ún, gbogbo agbolé yín ni yóò bínú, bàbá rẹ ni yóò sì ṣáájú. Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n ń sọ sí ọmọ ẹlòmíràn ní Pakata. Mo mọ bí ìwádìí wa ṣe ń lọ. Wọn á rán àgbà obìnrin kan lọ sí àdúgbò àwọn ọkọ, yóò kí wọn, yóò gba omi mu, yóò wá wá ojúgbà rẹ̀ kan rí lẹ́yìn ilé. Ibẹ̀ ni ohùn ti máa ń rẹlẹ̀: ‘Ẹ má jẹ̀ẹ́ kó bọ́ síta o, àwọn yẹn kì í ṣe ọmọ onílé.’ Gbólóhùn kan yẹn, tí kò sí ẹni tó lè fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn, ni wọ́n fi ń tú ìgbéyàwó ká. Ànábì ka pípẹ̀gàn ìran mọ́ ohun mẹ́rin tí ìjọ òun kò ní fi sílẹ̀ nínú ìṣe ìgbà kèfèrí, Muslim ló gbà á wá.

Níbo sì ni a ti ń sọ ọ́? Ní Ìlọrin tí Yorùbá, Fúlàní, Gàmbàrí, Tápà, Bàrùbá àti Kànúrí ti dà pọ̀ di ìlú kan. Ẹrú Haúsá tó sá kúrò lọ́dọ̀ àwọn olówó wọn nílẹ̀ Ọ̀yọ́ ní nǹkan bí 1817, tí wọ́n wá sá di Àfọ̀njá, wà lára ọwọ́ tó gbé ìlú yìí dúró. Ìlú wa náà jẹ́ ọjà ẹrú ńlá ní ọgọ́rùn-ún ọdún yẹn, ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́. Àwọn tí wọ́n kó wá nígbà náà ro oko, wọ́n hun aṣọ, wọ́n kéwú, wọ́n bí wa. Bí a bá ní kí á yẹ ìran gbogbo agbolé wò láti Ọjà-Ọba títí dé Òkèlele, ta ni yóò lè búra pé kò sí ìyá kan tí wọ́n kó wá láyé ogun? Àwọn baba wa sọ pé bí wọ́n ṣe bí ẹrú ni wọ́n bí ọmọ. Òfin fi òpin sí oko ẹrú pátápátá ní Àríwá ní 1936. Ẹni tí wọ́n bí lọ́dún yẹn ti di arúgbó. Èwo ni ẹrú tí a ṣì ń wá?

Kí ni kí o ṣe báyìí? Àkọ́kọ́, má sá lọ. Ìgbéyàwó tí kò ní wálíyì, ìyẹn ọkùnrin ẹbí tó ń fa ọmọ fún ọkọ, kò tọ́ lọ́dọ̀ Malik, mo sì mọ àwọn tí yóò gbà ọ́ nímọ̀ràn pé kí o tẹ̀lé ọkùnrin náà lọ sí Èkó kí ẹ lọ ṣe é níbẹ̀. Má gbọ́ tiwọn. Ìkejì, ọmọbìnrin tí kò tíì lọ́kọ rí ni ọ́, Malik sì fún bàbá lágbára púpọ̀ lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Khalil kọ ọ́ pé a kò ní torí pé bàbá kọ ọkùnrin léraléra kí á pè é ní ẹni tó ń dènà ọmọ rẹ̀, àfi tó bá hàn dájú pé ìdènà ni. Nítorí náà, má fi kóòtù bẹ̀rẹ̀. Ó wà nílùú wa fún ẹni tí ọ̀nà bá pin mọ́, tìrẹ kò tíì dé ibẹ̀.

Wá ẹni tí bàbá rẹ kò lè fi ọwọ́ dá ọ̀rọ̀ rẹ̀ nù. Àfáà tó kọ́ wọn ní kéwú bí ó bá ṣì wà, tàbí lémọ́mù mọ́sáláṣí tí wọ́n ti ń kírun, tàbí arákùnrin ìyá rẹ tó dàgbà jù. Kí onítọ̀hún lọ bá wọn lẹ́yìn ìrun Íṣáì, kí ó lọ ní òun nìkan, kì í ṣe níwájú àwọn ará ilé. Ìtìjú ló ń mú kí bàbá di ọ̀rọ̀ mú ṣinṣin. Kí ó ka ìtàn Ma'qil ọmọ Yasar fún wọn: ọkọ arábìnrin rẹ̀ kọ obìnrin náà sílẹ̀, ó tún fẹ́ padà wá fẹ́ ẹ, obìnrin náà sì fẹ́ bẹ́ẹ̀, Ma'qil búra pé láéláé kò ní ṣẹlẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun sọ̀ kalẹ̀ nínú Súrà Baqarah, ẹsẹ 232, pé kí wọ́n má ṣe dí wọn lọ́wọ́ bí àwọn méjèèjì bá ti yọ́nú sí ara wọn lọ́nà tó dára. Ma'qil kò jiyàn mọ́, ó so yìgì náà. Kò sẹ́ni tó fi ojú ẹni tó tẹ́ wò ó. Bákan náà, kí ẹni tó bá lọ bi wọ́n léèrè bóyá ohun mìíràn wà lọ́kàn wọn tí wọn ò sọ. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ ìran ni wọ́n ń fi bojú, ìdí gidi wà nílẹ̀, ó sì yẹ kí o gbọ́ ọ.

Ìwọ náà, yẹ ọkàn rẹ wò. Pé gbogbo wa dọ́gba kò sọ ọ́ di dandan kí o fẹ́ ẹnikẹ́ni. Barirah tí wọ́n dá sílẹ̀ lóko ẹrú kọ̀ láti dúró ti Mughith ọkọ rẹ̀, tó jẹ́ ẹrú dúdú. Ọkùnrin náà ń sunkún tẹ̀lé e kiri Mẹ̀dínà, omi ojú ń ṣàn sí irùngbọ̀n rẹ̀. Ànábì bẹ̀ ẹ́. Barirah béèrè bóyá àṣẹ ni, Ànábì ní rárá, ẹ̀bẹ̀ ni. Ó ní òun kò fẹ́ ẹ mọ́, Ànábì sì fi í sílẹ̀. Bí ìwọ bá fẹ́ ọkùnrin yìí, kí ó jẹ́ torí ẹ̀sìn àti ìwà rẹ̀, má ṣe jẹ́ kí ó jẹ́ torí pé o fẹ́ fi han ẹbí rẹ pé wọ́n ṣì.

Lórí ìbéèrè rẹ tó kẹ́yìn, má gbé ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ nípa ìdílé rẹ̀ lọ bá a. Bí ìgbéyàwó náà bá ṣeé ṣe, bàbá rẹ ni yóò di àna rẹ̀, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni yóò sì jókòó ti ẹbí rẹ níbi ìsọmọlórúkọ. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í kúrò létí. Sọ fún un pé àwọn ẹbí rẹ kò tíì gbà, pé àwọn àgbà ń bá wọn sọ̀rọ̀, kí ó ṣe sùúrù. Bí òun bá fúnra rẹ̀ bi ọ́ léèrè bóyá ọ̀rọ̀ ìran ni, má purọ́ fún un. Sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kí o sì sọ fún un pé ìwọ kò gbà á. Má dárúkọ ẹni tó sọ ọ́.